Bí Mali Ṣe Pe Ìyá Rẹ̀ Wálé Láti Thamesmead

Ẹ̀yin ará Woolwich, ẹ̀yin ará Thamesmead, ẹ kú ilé o. Mo ti dé. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró ní Powis Street, tí ẹ ń bi mi pé, "Àǹtí Dúpẹ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ lọ bọ òrìṣà ní Íńdíà?" Mi ò bọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi tó kú ni mo sìn dé ilé ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí, kó jókòó kó fara balẹ̀, nítorí mi ò ní máa tún un sọ kiri.

Ẹ rántí Hom. Obìnrin kúkúrú, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan nítòsí Plumstead Common. Àwọn kan nínú yín ń pè é ní ará Ṣáínà. Kì í ṣe ará Ṣáínà. Táì ni. Kì í sì í ṣe Táì ti Thailand tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn baba ńlá tirẹ̀ ti la òkè kọjá láti ìhà Burma láyé àtijọ́, wọ́n sì tẹ̀dó sí Assam ní Íńdíà, láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ pátápátá. Wọn ò pọ̀ rárá. Abúlé wọn ṣeé kà lórí ìka. Síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí èdè náà bọ́ lẹ́nu wọn.

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ ni pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nínú yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́. Mo kẹ̀yìn sí i, mo ń gbé ìrẹsì mi gbóná. Ohùn náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, mo rò pé ará Ìjẹ̀bú kan ló wọlé. Mo yíjú padà láti kí i, àfi Hom! Mo bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, ó ní èdè tàwọn náà, ohùn ló ń darí ẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá pe "ma" tí ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ajá ni. Bó bá gbé e sókè, "má", ẹṣin ni. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, "mà", ó túmọ̀ sí "wá." Èmi náà kó ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ jáde fún un. A rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wa fi yọjú wò wá.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Mali. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Nígbà tí Hom bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ilé mi ni Mali máa ń sùn, òun àti Túndé ọmọ mi. Ó máa ń tẹ̀ lé wa lọ sí ìjọ Aládùúrà wa, ó ń wọ aṣọ funfun, ó sì mọ orin wa ju àwọn ọmọ tiwa mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó yọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sì sọ fún Hom níléèwé pé kó mú èdè kan ṣoṣo fún ọmọ náà. Ó mú ti Òyìnbó. Ó dùn ún wọra. Ó máa ń sọ fún mi pé ìyá òun nìkan ni òun ṣì ń bá sọ ọ̀rọ̀ tó dénú.

Nígbà tí àìsàn náà dé, kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo lọ wò ó, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí Dúpẹ́, ẹ mú Mali lọ sílé. Òun ni kó pè mí."

Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, ní orúkọ Jésù. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò tún pẹ́ tó fi lọ. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mi ò sun irú rẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú.

Wọ́n sun ún gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, wọ́n kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò kékeré fún Mali. Àwa náà ṣáà ń gé irun àti èékánná ẹni tó bá kú sókè òkun, ká lè rí nǹkan sin nílé. Ìyẹn ni mo ń rò lọ́kàn nígbà tí bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n ti ń bọ ère. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo sì lọ.

Létí odò

Ọ̀nà jìn, ó sì rẹ̀ wá. Ìyẹn ti tó. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ gbà ni oko tíì, ewéko tútù tí wọ́n gé pẹrẹsẹ débi tí ojú ríran dé, àwọn obìnrin inú rẹ̀ gbé agbọ̀n kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fi okùn rẹ̀ há iwájú orí. Tíì tí à ń mu ní Woolwich láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já a.

Seng, ẹ̀gbọ́n Hom, ló wá pàdé wa nílùú. Awakọ̀ ni ní oko tíì, ó sì gbọ́ Òyìnbó díẹ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹríba fún wa. Mo rò pé á gba ìkòkò náà lọ́wọ́ Mali. Kò gbà á. Ó ní ọmọ ló gbọ́dọ̀ gbé ìyá rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ló ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ khọn fún wa. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Khọn kọ́ ni ẹ̀mí tó ń lọ bá Ọlọ́run. Ohun kan ni tó ń gbé inú èèyàn, tí í jẹ́ kí ara èèyàn ó dá. Ó lè ṣubú sílẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹ̀rù bá bani. Ó lè sọnù sí ilé ìwòsàn. Bí èèyàn bá sì kú sí ilẹ̀ àjèjì, ibẹ̀ ni khọn rẹ̀ yóò máa rìn gbéregbère, àyàfi kí ẹni tó ń retí pè é, kó pè é létí omi, kó pè é lẹ́nu ọ̀nà abúlé, kó tún pè é ní ìdí àkàbà ilé ìyá rẹ̀. Hom sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù kó tó kú pé Mali ni òun máa retí ohùn rẹ̀.

Mali bi í bóyá òun lè fi Òyìnbó pè é. Seng mi orí.

"Khọn kì í gbọ́ Òyìnbó."

Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ náà ṣáájú. Ìpè náà gùn bí àdúrà nígbà tí àwọn àgbà bá ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n gé e kúrú fún àlejò, ó ku kìkì "Mẹ, ma." Ìyá, wá. Mali ti ń kà á kiri láti Thamesmead, ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ Yorùbá sórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ.

A dé odò náà lọ́sàn-án. Omi rẹ̀ fẹ̀, ó rọra ń lọ. Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ létí rẹ̀, wọ́n dìde dúró nígbà tí wọ́n rí wa. Mali fi aṣọ funfun so ìkòkò náà mọ́ àyà, ó kọjú sí omi, ó sì pè: "Mẹ, ma." Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwọn obìnrin náà wo ilẹ̀. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu kíá. Seng ní, "Ó dáa, ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Hom kọ́kọ́ kọ́ mi láyé. Ìyá, ajá: ohun tí ọmọ náà sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni ará Yorùbá kan á ṣe tún ọ̀rọ̀ ṣe fún ọmọ olóòkú níwájú àwọn ẹbí rẹ̀? Mo gbé e mì.

Ó tún pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà abúlé. Nígbà tó yá, a dé ilé ìyá Hom. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé wọn sí, wọ́n ń fi àkàbà gùn ún, abẹ́ rẹ̀ ni òfì àti igi ìdáná wà. Ìyá àgbà náà jókòó sókè níwájú ilé, ó we gèlè funfun, ara rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Mali dúró ní ìdí àkàbà, ó pe ajá lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìyá àgbà bá Seng sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Seng wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní ìyá sọ pé ká gòkè wá jẹun. Ṣùgbọ́n Hom kò tíì dé. Ó ṣì dúró létí omi.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ìkòkò ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ lábẹ́ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì.

Ṣé o ti jẹ ìrẹsì?

Èmi ni mo sọ òtítọ́ fún Mali, nítorí gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ fún un tí wọn ò lè sọ ọ́. Ìwà wọn nìyẹn: wọn kì í tún ẹnu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe. Mali jókòó sórí igi ìdáná. Nígbà tó yá, ó ní, "Àǹtí, mo pe màmá mi ní ajá níwájú gbogbo èèyàn." Mo ní kò pè é bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ló ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò wọ̀ ọ́ létí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí nìyí. Àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó ń gbé inú tẹ́ńpìlì abúlé náà, ti mú ọjọ́ tí wọn yóò ṣe ètò ìkẹyìn fún eérú náà. Bí Mali kò bá rí i pè kí ọjọ́ náà tó pé, ìkòkò náà kò ní gun àkàbà. Láti abẹ́ ilé ni wọn yóò ti gbé e lọ sí odò, bí ẹni gbé ẹrù àlejò. Ìyá àgbà kò ní gba ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó sì ti dàgbà kọjá ẹni tí à ń sọ fún pé ó di ọjọ́ mìíràn. Mo ní ṣé Seng kò lè pè é ni? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ó ní òun lè pè é, ṣùgbọ́n ohùn òun kọ́ ni Hom ń retí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe gbà wá, kí ẹ má bàa rò pé èèyàn líle ni wọ́n. Nígbà tí mo gun àkàbà dókè, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà bí mo ṣe máa kúnlẹ̀ fún ìyá mi. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sọ nǹkan, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Seng ní ìyá sọ pé dúdú yìí, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ìyá fún mi ní èso kan, ó le, wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n fi ewé wé e. Ó korò, ó ta mí lẹ́nu, orí mi sì gbóná. Obì tiwọn nìyẹn. Àlejò kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé mi títí ó fi sú mi. Obìnrin arúgbó kan fi ìka nu apá mi, ó wo ìka náà bóyá dúdú náà á tẹ̀ lé e. Èmi náà nu apá tirẹ̀, mo wo ìka tèmi. Láti ọjọ́ náà ni òun àti èmi ti di ọ̀rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò gbọ́ èdè ara wa.

Oúnjẹ wọn, ẹ̀yin ará! Ìrẹsì tí wọ́n sè nínú ewé, tí wọ́n dì bí a ṣe ń di ẹ̀kọ, èèyàn á tú u, èéfín á bọ́ sí i lójú. Ẹja nínú ewé. Ọbẹ̀ ewé kíkorò tó jẹ́ kí n rántí ewúro. Ọ̀mùnú ọparun kan wà tí wọ́n rẹ títí tó fi kan. Irú tiwa ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú mi, wọ́n sì bu kún un fún mi.

Mo tún ta ara mi lọ́fà pẹ̀lú ìkíni wọn. Bí wọ́n bá pàdé èèyàn, ohun tí wọ́n ń bi í ni pé ṣé o ti jẹ ìrẹsì? Hom ti kọ́ mi ní ìyẹn, "kin khau," ká jẹ ìrẹsì. Mo rò pé ìbéèrè gidi ni. Ní òwúrọ̀ kan, mo mi orí fún gbogbo ẹni tó bi mí, nítorí lóòótọ́ mi ò tíì jẹun. Ilé tí mo bá kọjá, wọ́n á fà mí gòkè, wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìgbà tí Seng máa fi rí mi, mi ò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ó ní ìkíni lásán ni, Àǹtí, ẹ ṣáà máa ní ẹ ti jẹ. Bí ẹni tí wọ́n bi pé ṣé dáadáa lo jí, tó wá ń ka àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní àràárọ̀, èmi pẹ̀lú Mali á jókòó lábẹ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà, màá máa kọ́ ọ ní ohùn. Mo fi dò, re, mí kọ́ ọ. Mo fi ọkọ àti ọkọ̀ kọ́ ọ. Ọmọ tó ń kọrin Aládùúrà láìṣìwí, ó lè fi ohùn orin mú un, ṣùgbọ́n orin ni yóò jẹ́, kì í ṣe ìpè. Bó bá ti fẹ́ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀, ohùn á tún tẹ́. Àwọn obìnrin ilé náà ń rọra sọ ọ́ sí i létí, ó ń tún un sọ, ajá ń jáde. Ìyá àgbà wà lókè orí wa, pákó ọparun nìkan ló wà láàárín wa, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sì bá Mali sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọ náà ní, "Kò fẹ́ràn mi." Mo ní ìyá tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ létí omi kò ráyè ẹlòmíràn ni.

Mo gbàdúrà. Kí n má purọ́, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún. Ṣé kí khọn wá ni, àbí kí ohùn ọmọ náà ṣe déédéé? Mo ka sáàmù tí mo mọ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún Un.

Ohùn Hom

Ó ku ọ̀la tí àwọn mọ́ńkì máa wá. Nírọ̀lẹ́, àwọn obìnrin ti gbé ìrẹsì sọ̀, Mali sì ti rìn lọ sídìí àwọn igi ọparun tó wà lẹ́yìn ilé, ó lọ dá wà. Mo dúró sí ìdí àkàbà, ebi ń pa mí, ó ti sú mi, mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo pariwo bí mo ṣe máa ń pariwo pe òun àti Túndé ní Thamesmead.

"Mali! Máa bọ̀! Wá jẹun!"

Ó yọ láti ìdí ọparun. Ojú rẹ̀ yàtọ̀. Mo rò pé mo dẹ́rù bà á. Ó ní, "Àǹtí, bí màmá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo ní ṣe kí ni? Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, tí òun bá ń ṣeré lórí pápá tó wà lẹ́bàá adágún, ìyá òun á na ara jáde ní bákónì, á máa pe òun kí òun wá jẹun. Ojú máa ń ti òun nítorí àwọn ọmọ tó kù á máa sín in jẹ. Òun á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ìyá òun á tún pè.

Mo rọra bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ. Ó ní òun ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ariwo tó máa ń pa ṣáà ni.

"Pa ariwo náà kí n gbọ́," mo wí.

Mali fi ọwọ́ yí ẹnu ká, ó gbé ojú sókè bí ẹni tó wà ní bákónì.

"Mali, mà! Mà kin khau!"

Ẹ̀yin ará, Hom ló sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n búra, màá búra. Ohùn náà gòkè níbi orúkọ, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ níbi "mà," bí Hom ṣe sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń gbé ìrẹsì gbóná. Obìnrin tó wà nídìí òfì dá ọwọ́ dúró. Lókè orí wa, pákó ọparun dún. Ẹnì kan dìde.

Mi ò yìn ín. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá rò ó, á tún sọnù. Mo ní, "Má tún un sọ mọ́. Gbé ìyá rẹ."

A padà sétí odò. Seng tẹ̀ lé wa, ará ilé tẹ̀ lé wa, ará abúlé ń bọ́ sílẹ̀ láti orí àkàbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ti ń wọ̀. Mali kọjú sí omi. Mo fẹ́ dì í mú, mo fà sẹ́yìn.

"Mẹ̀, mà! Mà kin khau!"

Ìyá, máa bọ̀. Wá jẹ ìrẹsì. Àwọn àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìpè gígùn tí wọ́n ń ṣe láti ayé baba wọn, ibi tó ń parí sí gan-an nìyẹn: wọ́n á ní kí khọn wá jẹ ìrẹsì nílé. Mali kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ó pè é lẹ́nu ọ̀nà abúlé. Nígbà tí a fi máa dé ilé, ìyá àgbà ti wà lórí ìdúró, lókè àkàbà. Seng sáré fẹ́ lọ dì í mú, nítorí ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti dá dúró gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìyá fọwọ́ tì í sẹ́yìn. Mali gbé ojú sókè, ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ ohùn náà bọ́ síbi tó yẹ.

Ìyá àgbà dáhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Mo wo Seng. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ojú, kó tó sọ ọ́.

"Ìyá ní, ohùn òun nìyẹn. Ó ní bí òun ṣe máa ń pe Hom láti orí àkàbà yìí nìyẹn, nígbà tó bá ń ṣeré létí omi."

Mali gun àkàbà pẹ̀lú ìkòkò láyà. Ìyá àgbà fọwọ́ kan ìkòkò náà, ó fọwọ́ kan ojú ọmọ náà, ó gbá méjèèjì mọ́ra pọ̀. Ẹkún tó ń sun kò ní ariwo. Wọ́n bu ìrẹsì sí iwájú ìkòkò, wọ́n bu fún Mali lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ewé náà fún un. Nígbà tó yá, ó mú òwú funfun, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ Mali kí khọn tirẹ̀ má bàa ṣáko lọ. Ó wá pe èmi náà. Mo rántí bàbá àgbà ìjọ wa. Mo na ọwọ́ mi.

Mo padà dé

Nígbà tí àwọn mọ́ńkì ṣe ètò náà tán lọ́jọ́ kejì, Mali kò bá mi padà. Ó ní òun máa dúró ti ìyá àgbà fúngbà díẹ̀, kí òun kọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mò ń lọ, ó sìn mí dé odò, ó sì bi mí ní èdè wọn bóyá mo ti jẹ ìrẹsì. Mo ní mo ti jẹ.

Bàbá àgbà wa ti rí òwú náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní òwú ni, sà, ìyá ọ̀rẹ́ mi ló so ó fún mi. Ó wò ó pẹ́. Ó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bóyá khọn wá lóòótọ́, kó lọ bi ìyá Hom. Ohun tí mo rí ni mo sọ.

Lánàá, mo gbé ìrẹsì kaná. Túndé wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ ọmọ mi, Yorùbá ń wọlé sí i létí, kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, fóònù ni mo fi ń pè é wálé. Lánàá, mo fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo jáde sí bákónì.

"Túndé! Máa bọ̀! Wá jẹun!"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó fa fìlà aṣọ rẹ̀ bo orí, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mi ò bínú sí i. Mo tún pè é, mo fa ohùn náà gùn kó lè wọ̀ ọ́ létí dáadáa, nítorí lọ́jọ́ kan, òun ló máa pè mí.